Ilẹ̀kùn Tí A Ṣí Nítorí Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3, oṣù Kẹta

Ìwé tuntun. Tíṣà ní kí olúkúlùkù wa ní ìwé kan tí yóò máa kọ nǹkan sí. Kì í ṣe pé òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ọwọ́ wa ni, kí ọwọ́ má baà gbàgbé ohun tí ojú ti kọ́. Ó ní ká kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó dáa. Èmi tí mo bí ọmọ, tí mo tún tọ́ ọmọ ọmọ, kí n tó mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara mi, mo dé.

Kí n fi Orogún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni. Èmi àti òun nìkan la wà nínú ilé yìí, bàbá rẹ̀, ọmọ mi, wà lẹ́yìn odi. Bàbá àgbà rẹ̀, nígbà tó wà láyé, "ìyàwó mi" ló máa ń pè é. Èmi náà sọ ọ́ di orogún. Orogún tí kì í bá mi jà, àfi tí ẹran bá kù kan nínú ìkòkò.

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́ lónìí. Ọ́fíìsì tó ń bá ṣiṣẹ́ máa ń kó oògùn lọ bá àwọn aláìsàn nílé. Ẹni tí kò lè rìn, ó pè wọ́n, wọ́n gbé e wá. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo tẹlifóònù ibẹ̀ máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun nìkan ni wọ́n ní kó tò ó. Òun nìkan. Mo sọ ọ́ fún obìnrin aránṣọ ojúlé kejì. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ fún òpó iná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 5

Mo ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Ó kó ife àti ṣíbí jọ sórí tábìlì, ó ń tò wọ́n.

Àpótí dúdú kan wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni gbogbo ìpè ń gbà kọjá. Ẹni tó bá pè láti ìta, ọ̀dọ̀ àpótí ló kọ́kọ́ ń dé, àpótí ló mọ yàrá tí yóò gbé e lọ. Mo sọ ọ́ ní Ìyá Ìpè. Orogún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní òun ti ya ọ̀nà tẹlifóònù sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà kọ̀ǹpútà, kí ohùn má baà máa já, kí ẹni tó bá ráyè wọ ọ̀kan má sì lè kọjá sí èkejì. Ó ní òun ti mọ ògiri yí Ìyá Ìpè ká, ògiri tí ojú kò lè rí. Mo bi í pé ta ni wọ́n ń mọ ògiri dè. Ó ní olè. Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn káàkiri ayé, láti ilé dé ilé, wọ́n ń wá èyí tí a kò tì dáadáa. Kí ni wọ́n fẹ́ jí nínú tẹlifóònù? Ìpè. Wọ́n á gba ilé rẹ pe ọ̀nà jíjìn, ọgọ́rọ̀ ìpè lẹ́ẹ̀kan náà. Èrè a jẹ́ tiwọn, gbèsè a jẹ́ tìrẹ.

Mo ní: bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ó ní, "Ìyá àgbà, ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin kọ́ mi nìyẹn."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn bí ẹni gbé ọmọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6

Kíláàsì. Ẹ̀kọ́ lẹ́tà kíkọ la bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ní bí ẹnìkan bá bẹ̀ wá pé ká bá òun kọ lẹ́tà, kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó bá a kọ ọ́ náà kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìdí ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ti di ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ náà. Ó wù mí. Ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́dẹ ni, ọ́fíìsì àwọn Orogún gan-an ló ń ṣọ́. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà ní ìdí rẹ̀, ìró wọn ló ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Bó bá ti jókòó, á kó wọn lé orí tábìlì láàárín wa, gbàgà. Mo ní kó kó wọn kúrò, ìwé mi ò ráyè. Ó ní ilé ló gbé wá kíláàsì, kí n yọ́nú sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń pè mí torí pé mo ti ń ka gbólóhùn tó gùn, òun ṣì ń tẹ̀ lé lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gun àkàsọ̀.

Ó ní ọmọ ọmọ mi máa ń kí òun pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ láàárọ̀, níwájú àwọn ọ̀gá. Mo ní ta ló tọ́ ọ? Ó ní òun mọ̀ pé màá sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8

Ọjọ́ ńlá. Orogún gbé tẹlifóònù kékeré kan wálé, aláwọ̀ eérú, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bébà pélébé kan wà lára rẹ̀. Mo kà á fúnra mi: 205 – ẸNU Ọ̀NÀ. Ó ní ilé ọlọ́dẹ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ni wọ́n rà á fún, ṣùgbọ́n wáyà kò tíì dé ibẹ̀. Kó tó dé, kí n máa lò ó, kí òun fi dán bí ohùn ṣe ń dún láti ìta wò. Mo lè pe òun lẹ́nu iṣẹ́. Mo lè pe bàbá òun lẹ́yìn odi.

Ó fẹ́ kó gba ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan tí olè kò lè rí dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìpè. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa kò lágbára tó, ọ̀nà náà ń já, ó ń já. Ó ní òun á ṣí ilẹ̀kùn gbangba sára ògiri fún un, fún ìgbà díẹ̀.

Ó ku páásíwọ́ọ̀dù. Mo ní èmi ni màá tẹ̀ ẹ́. Èmi. Ó kọ ọ́ síwájú mi – lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àmì tí n kò tíì rí rí, wọ́n ta kókó mọ́ra bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ojú ń tì mí. Mo fọwọ́ ti tẹlifóònù náà sẹ́yìn, mo ní kí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé máa tẹ̀ ẹ́, ta ni èmi.

Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó padà wá. Ó ní kí n tẹ 2, kí n tẹ 0, kí n tẹ 5. Mo ní ṣé nọ́ńbà rẹ̀ kọ́ nìyẹn? Ó ní òun náà ni páásíwọ́ọ̀dù, fún ìgbà díẹ̀ ni, òun á yí i padà.

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan tàn lórí rẹ̀. Mo pe ọmọ mi lẹ́yìn odi. Ó ní ta ló bá mi tẹ nọ́ńbà? Mo ní ọwọ́ tó wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ náà ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9

Mo tún pe ọmọ mi. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Mo kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 12

Onígíláàsì, ọ̀gá ọ́fíìsì wọn, yin Orogún níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní ohùn àwọn aláìsàn ń dún ketekete. Ó fẹ́ fún un ní yàrá tirẹ̀.

Orogún ní òun fẹ́ ti ilẹ̀kùn ti 205 ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ mi máa ń ráyè sinmi, ọjọ́ yẹn nìkan la lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ó dáa, Ajé kò jìnnà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16

Láti àárọ̀ ni mo ti ń pe ọmọ mi. Kò lọ. Ó kàn ń ké tùù, tùù, tùù bí ẹyẹ tí nǹkan há sí lọ́nà ọ̀fun. Mo gbé e sílẹ̀, mo fọ aṣọ, mo tún padà sí i. Ohun kan náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17

N kò lọ sí kíláàsì. Orogún padà wálé ní ọ̀sán. Kò kí mi. Ó lọ tààrà sídìí tábìlì, ó yọ wáyà tẹlifóònù mi, ó ń wé e mọ́ ọwọ́, ó ń wé e, títí kò fi sí wáyà mọ́ láti wé.

Mo ṣe tíì. Ó tutù síwájú rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì láàárọ̀, kò sí tẹlifóònù kankan tó dún. Láti Àbámẹ́ta ni Ìyá Ìpè ti ń pe àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní ará níbẹ̀. Gbogbo ojú ọ̀nà kún fọ́fọ́ pẹ̀lú ìpè olè. Nígbà tí owó ìpè tí wọ́n san sílẹ̀ tán, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti gbogbo rẹ̀ pa. Àwọn aláìsàn pè títí, wọn kò rí ẹni gbé e. Bàbá arúgbó kan tí oògùn rẹ̀ tán dúró de ohùn èèyàn títí ó fi dákú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ti lajú, a dúpẹ́.

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe wọlé. Ó ní òun ṣì ń wò ó. Kò wo ojú mi nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. N kò tún bi í. Ìbéèrè tí ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀, ó máa ń wúwo lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18

Orogún kò jẹun. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20

Bẹ́ńṣì wa gùn lónìí. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò wá. Kò pa kíláàsì jẹ rí, àní nígbà tí ẹsẹ̀ wú u, ó wọ́ ọ wá.

Tíṣà pè mí sẹ́yìn nígbà tí a parí. Ó ní ṣé mo ti gbọ́? Wọ́n ti ní kí bàbá yẹn máa gbélé. Wọ́n ní ó jí ìpè ọ́fíìsì. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ fi hàn pé nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ìpè náà ti jáde, 205, òun nìkan ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà lópin ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú gbogbo kọ́kọ́rọ́. Tíṣà ní òun kò gbà á gbọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ gbà á gbọ́?"

Mo ní rárá. Ohùn mi kéré.

Mo rìn wálé. N kò mọ ẹni tó kí mi lójú ọ̀nà. Tẹlifóònù náà wà lórí tábìlì níbi tó wà, láìní wáyà. Mo ka bébà ara rẹ̀, bóyá mo ti ṣì í kà tẹ́lẹ̀. 205 – ẸNU Ọ̀NÀ. N kò ṣì í kà.

Àìtètè mú olè, olè a mú olóko.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21

Mo dúró de Orogún. Kó tó bọ́ bàtà ni mo ti gbé tẹlifóònù náà síwájú rẹ̀. Mo ní kó ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún mi.

Ó jókòó sílẹ̀, lórí ilẹ̀ gan-an, bó ṣe máa ń jókòó ní kékeré tó bá ti fọ́ nǹkan. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn olè kan ilẹ̀kùn tó ṣí fún mi. Páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dán wò ni nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Òun mọ̀. Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí ló mọ̀. Ó sì ti fún 205 láṣẹ láti pe ẹ̀yìn odi nítorí bàbá rẹ̀. Ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́, ọ̀nà – òun ló kó gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Onígíláàsì bi í pé níbo ni ìpè náà ti jáde. Ó ní ohun tó wà nínú àpótí lòun kà fún un: ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá kò mọ̀ pé 205 kò tíì dé ibẹ̀, òun kò sì sọ fún un. Ó ní òun kò pe bàbá náà lólè.

Mo ní, "O kò pè é lólè. O kàn dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pè é."

Ó sunkún. Ó ní, "Ìyá àgbà, tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni mo fi ń pe ilé. Ta ló tún máa gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi? Kí la máa jẹ?"

Kí n má purọ́ fún ìwé mi: fún ìgbà díẹ̀ inú mi sọ pé kó dákẹ́. Ọlọ́dẹ á rí ibòmíràn ṣọ́. Mo gbọ́ ọ nínú ara mi bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn ènìyàn, ohùn mi sì ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23

Mo lọ sí ilé Bàbá Kọ́kọ́rọ́. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ. Mo ra búrẹ́dì dání kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan dì mú.

Yàrá kan ni, ó mọ́ tónítóní. Ó dìde fún mi. N kò gbọ́ ìró kankan nígbà tó dìde, ìgbà yẹn ni mo tó wo ìdí rẹ̀. Bẹ́líìtì náà wà níbẹ̀. Awọ rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń fà á láti ọdún pípẹ́ wá, kò sì sí nǹkan kan tó so mọ́ ọn.

Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá olè nílé." Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú.

Ó ní ẹsẹ̀ ire ni mo gbé wá, òun ti fẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí Onígíláàsì, ọwọ́ òun kò tíì tó o. Ó gbé bébà sílẹ̀. Mo mú bírò mi jáde. Kí ni mo lè sọ? Ó ń sọ ọ́, mò ń kọ ọ́:

*Ọ̀gá mi, mo kí yín. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, kò sí ìkankan tó sọnù. Ohun tí mo bá tì, títì ni. N kò fọwọ́ kan tẹlifóònù yín, n kò ní ẹni tí mo fẹ́ pè ní ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá ní kí n má padà wá torí pé mo ti dàgbà, mo gbà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ torí olè. Àwọn ọmọ mi ń gbọ́.*

Ó gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó pẹ́. Ó yọ ahọ́n síta bí ọmọ iléèwé. Nígbà tó parí, ó wò ó, ó tún wò ó. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kọ ọ́ sórí ohun tí kì í ṣe ti Tíṣà.

Ó ti bírò padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ó ku tiyín nísàlẹ̀. Ẹlẹ́rìí."

Mo ní bírò náà ti gbẹ. Mo ní kó jẹ́ kí n mú un lọ sílé, màá kọ ọ́ níbẹ̀, màá sì fi rán ọmọ ọmọ mi sí ọ̀gá. Ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ gan-an. Ó ní kí n bá òun kí ẹnjiníà, ọmọ tó mọ̀wà hù.

Bírò náà kò gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24

Mo gbé tẹlifóònù kúrò lórí tábìlì, mo fi lẹ́tà náà rọ́pò rẹ̀. Mo lọ jókòó sínú ilé ìdáná.

Mo gbọ́ nígbà tí Orogún wọlé. Mo gbọ́ àga.

Ó wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi, kò bi mí ta ló kọ ọ́. Ó ní, "Tíṣà yín ní kí ẹni tó bá báni kọ lẹ́tà kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Kí ló dé tí ẹ ò kọ tiyín?"

Mo ní, "Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Ó padà sí yàrá rẹ̀. N kò tẹ̀ lé e. Mo ti sọ èyí tí mo lè sọ. Bí mo bá mú lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì fúnra mi, kí n sọ gbogbo rẹ̀, bàbá yẹn á rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n kí ni èmi á rí gbà padà? Ọmọ tí mo tọ́ ńkọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 25

Ní àárọ̀, ó ní kí n yá òun ní bírò mi.

Lábẹ́ orúkọ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló kọ tirẹ̀ sí. Pé 205 kò dé ẹnu ọ̀nà rí. Pé orí tábìlì ilé òun ló wà. Pé òun ló ṣí ilẹ̀kùn sára ògiri fún un, òun ló fún un ní páásíwọ́ọ̀dù tí ọmọdé lè mọ̀, òun ló jẹ́ kó máa pe ẹ̀yìn odi. Pé ọlọ́dẹ kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀, òun sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kò kọ pé ìyá àgbà òun ló bẹ òun pé kó di ọjọ́ Ajé. Mo ní kó kọ ọ́. Ó ní ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo kà á sókè, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí Orogún ní láti bá mi tún ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo kọ orúkọ mi. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn gùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ká a, ó fi í sínú báàgì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́. Ó ti dé. Onígíláàsì ka lẹ́tà náà tán, ó tún un kà. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú. Kò pariwo. Orogún ní ì bá sàn kó pariwo. Onígíláàsì ní kó ti gbogbo ohun tó ṣí dáadáa, kó fi gbogbo kọ́kọ́rọ́ inú kọ̀ǹpútà lé ẹni tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ tó máa lò kẹ́yìn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé kọ́kọ́rọ́ ilé náà, tirin, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun lòun máa gbé e lọ bá bàbá náà.

Mo ṣe tíì. Ó mu ún lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28

Ó parí rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka orúkọ àwọn tó wá kí òkú. Kò sí ilẹ̀kùn gbangba kankan mọ́ lára ògiri Ìyá Ìpè. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé láti ìta, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ nìkan ni, bí kò bá gbé e, kó jókòó sílé rẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gùn, kò sí méjì tó jọra. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ léraléra, ògiri a tì í mọ́ta. Ìpè ẹ̀yìn odi ti di títì fún gbogbo wọn. Bí ìpè bá ṣàdédé pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, àpótí á ránṣẹ́ sí ọ̀gá. 205 ti dé ẹnu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ló fa wáyà rẹ̀.

Iṣẹ́ tó dára. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe é, nítorí pé arúgbó kan fajú ro.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tó ń jáde pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ nínú páálí. Orogún kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀. Bàbá náà kò tètè ní kó dìde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Èyí tí mo lè fojú rí ni èmi ń tì, ọmọ mi. Èyí tí n kò lè rí, ìwọ ni mo rò pé ó wà níbẹ̀."

Bàbá náà gba páálí náà lọ́wọ́ Orogún, ó bá a gbé e dé ìta, ó sì padà lọ ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 31

Kíláàsì. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti padà. Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ló lọ jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. N kò bojú wẹ̀yìn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni mí, ṣùgbọ́n n kò láyà láti wò ó lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin

Orogún ń tún kọ̀ǹpútà aránṣọ ojúlé kejì ṣe. Obìnrin náà bi mí ìgbà tí ẹnjiníà máa padà sẹ́nu iṣẹ́ ńlá rẹ̀. Mo ní wọ́n ti ní kó lọ. Ó ní kí ló ṣe? Mo sọ ọ́ fún un. Ọ̀nà tí mo gbà fọ́nnu náà ni mo gbà padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3

Mo pẹ́ kí n tó dé kíláàsì. Tíṣà ti ń kọ̀wé sójú pátákó.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wà lórí bẹ́ńṣì wa. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì láàárín, níbi tó máa ń kó wọn sí. Mo dúró. Kò kí mi, kò pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó na ọwọ́, ó kó wọn kúrò nílẹ̀, ó gbé wọn lé itan ara rẹ̀. Ibi ìwé mi ṣófo.

Mo jókòó.

Tíṣà ní ká ṣí ojú ewé tuntun. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń wá bírò nínú àpò, kò rí i. Ó wo ọwọ́ mi.

Ó ní, "Bírò yín yẹn. Ṣé ó ṣì gbẹ?"

Mo ní, "Rárá. Kò gbẹ nígbà náà."

Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́. Ó na ọwọ́. Mo fún un. Ó fà á lára bébà láti dán an wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.